Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn àtijọ́ ni ètò tí wọ́n fi ń ṣe àkóso ọjà, ojú pópó, ìmọ́tótó, kóòtù ìbílẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí fún àwọn tó ń gbé ní àárín gbùngbùn ìlú: Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó, Bẹ́yẹrúnká àti àwọn agboolé tó yí wọn ká. Láti ọdún 1991, kò sí káńsù kan ṣoṣo tó ni gbogbo àdúgbò wọ̀nyí mọ́. Ẹni tó bá gbéra ní Ọjà'ba, tó gun òkè Mápó, tó sì sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, òógùn lè má tíì bò ó tí yóò fi kúrò lábẹ́ alága kan bọ́ sábẹ́ òmíràn. Síbẹ̀ ìlú kan náà ni, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, àgbàrá kan náà ló sì ń wọ́ lẹ́yìn ilé wọn.

Kí káńsù tó dé

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sọ Ìbàdàn di ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829, agboolé ni ìjọba. Mógàjí ni olórí agboolé, olóyè ogun ló sì ń wo ẹ̀yìn Mógàjí. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹ̀, bí ọ̀nà odò bá di igbó, ọ̀dọ̀ Mógàjí lọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Ìlú náà kò ní ààfin àjogúnbá. Ilé ẹni tó bá jẹ Baálẹ̀ ni ààfin títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ọjà'ba, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara Ìba Olúyọ̀lé, ni ojúde ìlú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú George Denton, adelé Gómìnà Èkó, Captain Bower sì dé gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀. Ní 1897 wọ́n dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀, níbi tí àwọn ìjòyè ti ń jókòó pẹ̀lú ajẹ́lẹ̀ láti ṣe òfin. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Òkè Mápó

Captain William Ross, ajẹ́lẹ̀ àgbà tó ń ṣe àkóso láti Ọ̀yọ́, ló mú kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Mápó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1925, wọ́n sì ṣí i ní 1929. Ẹnjinníà Taffy Jones ló darí iṣẹ́ náà, ọwọ́ òun náà ló sì tún wà nínú ilé ìṣọ́ Láyípo tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ ní 1936 ní ìrántí Bower. Ilé olópòó gbọgbọrọ tó dà bíi ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n gbé ka orí òkè, tí àwọn ilé alámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fi ń wò ó lókè téńté. Kò jọ pé èèṣì ni. Ross fẹ́ kí ìlú mọ ibi tí àṣẹ ti ń wá.

Nígbà náà, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ìbàdàn sí, ohun tí inú àwọn ọmọ Ìbàdàn kò dùn sí rárá. Ní 1934 ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn tó dá dúró, tí kò jẹ́ ti Ọ̀yọ́ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà ayé Okunọlá Abàásì Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́, orúkọ oyè Baálẹ̀ yí padà di Olúbàdàn. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtú ti wà láti 1928. Iṣẹ́ omi Ẹlẹ́yẹlé tẹ̀ lé e ní 1942. Láti 1924 ni ìwé ìròyìn *The Yoruba News* tí D. A. Ọbasá dá sílẹ̀ ti ń gbé ìròyìn ìlú jáde ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó lè kàwé mọ ohun tó ń lọ. Ẹni tí kò lè kà á gbẹ́kẹ̀ lé akéde.

Akódà àti wọléwọlé

Ara ìlú kì í sábà rí ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n rí ni akódà, ìránṣẹ́ àti ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ kóòtù àti iṣẹ́ owó-orí. Ẹni kejì ni wọléwọlé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń wọ kákí, tí orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń wọ ilé dé ilé. Yóò yọjú sí ṣalanga, yóò wo ààtàn ẹ̀yìnkùlé, yóò ṣí ìdérí àmù omi. Bí tanwíjì bá ń jó nínú àmù, ìyá onílé ti wọ gàù, ó di sámáńsì àti owó ìtanràn. Inú agboolé ńlá tí yàrá rẹ̀ pọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń lo ṣalanga kan, ta ni wọléwọlé yóò fún ní sámáńsì? Ẹni tó bá bá nílé ni. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àgbà fi máa ń fọ àmù lẹ́ẹ̀kan sí i tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọléwọlé wà ní agboolé kejì. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ yọjú mọ́, àwọn àgbà àdúgbò ló ń sọ pé ìlú ìgbà wọléwọlé mọ́ ju ti ìsinsìnyí lọ, bí ẹni pé kì í ṣe àwọn náà ló ń sá fún un.

Ọ̀rọ̀ Agbájé, ọ̀rọ̀ Adélabú

Ní 1949, àwọn ìjòyè àti àwọn Mógàjí kan dìde pé kí wọ́n yọ Sàláámì Agbájé, Ọ̀tún Balógun, kúrò lórí oyè. Oníṣòwò ńlá ni, ó lówó, oyè Olúbàdàn kò sì jìnnà sí i mọ́. Ìjọba rán H. L. M. Butcher láti ṣe ìwádìí. Ìwádìí náà kò yọ Agbájé, ṣùgbọ́n ó tú àṣírí bí àwọn ìjòyè ṣe ń ṣe ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ àtúntò sì bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò yẹn ni àgbègbè Ọ̀ṣun bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1952 ló gbé káńsù tí aráàlú ń dìbò yàn kalẹ̀. Ní 1954, ẹgbẹ́ Mábọ̀lájẹ́ tó fara mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC borí nínú ìdìbò Ibadan District Council, Adégòkè Adélabú sì di alága. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn ju ọtí lọ. Ó mọ bí a ti ń bá àwọn alájàpá Ọjà'ba sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́, ó sì tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá dààmú àwọn alátakò rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ *penkelemẹ́ẹ̀sì* ti jáde, nígbà tí àwọn èrò fi ahọ́n Yorùbá sọ "peculiar mess" tó wí. Nígbà tó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní 1955, kò fi ipò alága sílẹ̀.

Èyí kò tẹ́ ìjọba ẹkùn, tí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, lọ́rùn. Wọ́n ní kí E. W. J. Nicholson wádìí ìwé owó àti iṣẹ́ káńsù. Èsì ìwádìí náà jáde ní 1956, ó sì dá káńsù lẹ́bi lórí bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn níṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń náwó. Adélabú fi ipò méjèèjì sílẹ̀, ìjọba sì tú káńsù ká. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé ìṣèlú ni; àwọn alátakò rẹ̀ gbà pé ìwà ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà lọ́wọ́ méjèèjì. Nínú oṣù kẹta ọdún 1958, ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìgboro sì gbiná.

Owó-orí ló tún dá rúgúdù sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà, tí Táfá Adéoyè wà lára aṣáájú wọn, kọ̀ láti san owó-orí tí wọ́n bù lé wọn; káńsù àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bínú sí. Wọ́n ní owó ń lọ, ọ̀nà oko kò dára, àwọn agbowó-orí sì ń fìyà jẹ ènìyàn. Mápó wà lára ibi tí ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí Ayọ̀ọlá gbọ́ ẹ̀sùn wọn, níkẹyìn owó-orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2.

Lẹ́tà ara ògiri ilé-ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn káńsù Ìbàdàn láìṣí ìwé, kó ka orúkọ àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ I.D.C. jẹ́ ti Ibadan District Council. Àkókò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 sì ni ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri. I.C.C. ni Ibadan City Council. I.M.G. ni Ibadan Municipal Government, tó gbilẹ̀ lẹ́yìn àtúntò ìjọba ológun ní 1976. Àwọn káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú, àwọn ọmọ ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé wọn.

Ní 1991, wọ́n gé Ìbàdàn ìgboro sí ìjọba ìbílẹ̀ 5: Àríwá, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn 6 mìíràn ló yí wọn ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Làgelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Ọjà'ba àti Mápó bọ́ sí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Mápó. Bẹẹrẹ bọ́ sí Àríwá, tí ọ́fíìsì tirẹ̀ wà ní Agodi.

Iṣẹ́ tí káńsù ń ṣe lónìí

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 to iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ. Itẹ́ òkú, odò ẹran, ọjà, gáréèjì, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, ìwé ìbí, ìwé ikú àti ìwé ìgbéyàwó, ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, owó-orí ilé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Fún ìwé ìbí, òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìkànìyàn ló sábà ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì, tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ológun, wọn yóò bi í pé ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ wo ni. Kí káńsù tó fún un, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ọmọ ilé báyìí ni, ẹni náà ní Ìbàdàn sì ni Mógàjí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tún padà sí agboolé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí sí Bẹẹrẹ, tó dàgbà síbẹ̀, ṣùgbọ́n tí bàbá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, lè gbé ibẹ̀ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, Mógàjí kò ní tọwọ́ bọ̀wé fún un. Àléébù ńlá ni mo ka èyí sí nínú iṣẹ́ tí káńsù ń ṣe fún àwọn olùgbé.

Kóòtù ìbílẹ̀ Mápó ní ìtàn tirẹ̀. Ẹjọ́ ìtúká ìgbéyàwó ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn kì í sì í jìnnà, nítorí ohun tí tọkọtaya ń tú síta níwájú adájọ́ máa ń ta ìwé ìròyìn.

Ààtàn ni ibi tí agbára káńsù ti dín kù jù. Nínú òfin, iṣẹ́ káńsù ni kíkó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà, ààtàn ńlá bíi Àjàkàǹgà, Awótán, Lápitẹ́ àti Àbá-Ẹkù sì jìnnà sí Bẹ́yẹrúnká. Níbi tí ilé ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọlé, odò ni ìdọ̀tí ń lọ. Ohun tí odò bá gbà ní oṣù kẹrin, yóò dá a padà ní oṣù kẹjọ. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé odò Ògùnpa gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀, ó lé ní 100 tó kú. Lẹ́yìn èyí ni Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba ní mílíọ̀nù 200 dọ́là láti tún àwọn odò àti afárá Ìbàdàn ṣe.

Ìdìbò àti owó

Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń ṣojú wọ́ọ̀dù, alága ló ń darí. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú àwọn káńsù tó wà lórí àlééfà ká. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò bófin mu. Ìdìbò káńsù wáyé ní oṣù yẹn kan náà, òmíràn sì tún wáyé ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024. Ní ti owó, inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní ni ìpín wọn láti Àbújá ń gbà kọjá, káńsù kì í sì í fi ojú kan gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí ìjọba àpapọ̀ máa san ìpín káńsù fún káńsù fúnra rẹ̀.

Gbọ̀ngàn Mápó fúnra rẹ̀ ti di ibi ayẹyẹ. Àwọn ènìyàn ń gbà á ṣe ìgbéyàwó, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti gbé adé fún Olúbàdàn Lékan Balógun ní 2022, Olúbàdàn Olákùlẹ́hìn ní 2024 àti Olúbàdàn Rashidi Ládọjà ní 2025.

Lára ilé àtijọ́ ní Ọjà'ba, nọ́ńbà tí káńsù àtijọ́ kọ ṣì wà: lẹ́tà kan tàbí méjì fún ìhà ìlú, C fún àárín, S fún gúúsù, N fún àríwá, E fún ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà nọ́ńbà wọ́ọ̀dù, igi àdúbúlẹ̀, nọ́ńbà ilé. Wọ́ọ̀dù 12 tí wọ́n fi ń yan káńsẹ́lọ̀ ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ṣì ń jẹ́ C1, S1, S2A, S2B, títí dé S7B. Ọ̀dà ara ògiri ti ń ṣí, ṣùgbọ́n bí ìwé bá dé láti ọ́fíìsì káńsù, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń kọ sí i lórí.