Ọkà Bàbà Tó Hù: Oore Inú Rẹ̀ àti Oró Èhù Rẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ lágbàáyé ti kọ púpọ̀ lórí àlìkámà àtayébáyé bí emmer, einkorn àti spelt: wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á wá wo ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Àmọ́ àlìkámà kì í ṣe irè oko Òkè-Ògùn. Kánò, Jigawa àti agbègbè Adágún Chad ni wọ́n ti ń bomi rin ín. Ọkà bàbà ni tiwa láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ohun tí ọkà yìí sì ń ṣe nígbà tó bá ń hù yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀.

Àwọn tó ń pọn ọtí ló mọ̀ ọ́n jù. Ìbáà ṣe bùrùkùtù níhìn-ín, ìbáà ṣe tchoukoutou ní Benin lẹ́yìn ẹnubodè, wọ́n á rẹ ọkà mọ́jú, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi nǹkan bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i títí yóò fi hù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, tí wọ́n á lọ̀ ọ́, tí wọ́n á sè é. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọkà bálì ilẹ̀ òkèèrè ní 1988, àwọn iléeṣẹ́ ọtí ńlá náà yíjú sí ọkà bàbà.

Bí hóró ṣe ń hù, èròjà inú rẹ̀ kan tó ń jẹ́ àmíléèsì á máa gé sítáàṣì sí ṣúgà. Phytate, tó máa ń di irin àti zinc mú tí ara kò fi ní rí wọn lò, á máa dín kù. Lysine, èròjà purotéènì tó ṣọ̀wọ́n nínú ọkà, á pọ̀ sí i díẹ̀. Fítámì C náà á yọjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná á tún ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ọkà bàbà ti yàtọ̀ sí àlìkámà rèé: èhù rẹ̀ ní dhurrin, tó ń di sáyánáìdì, oró kan náà tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ní 1984, àwọn olùṣèwádìí Panasiuk àti Bills rí nǹkan bí 61 mg sáyánáìdì nínú èhù ọlọ́jọ́ mẹ́ta láti ara 100 g irúgbìn. Ìwọ̀n yẹn tó pa àgbàlagbà. Oró inú hóró tí kò tíì hù kò tó nǹkan. Inú èhù àti gbòǹgbò lọ́hùn-ún ni oró náà pọ̀ sí, bí a bá sì yọ méjèèjì kúrò, ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 oró náà ló ń bá wọn lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ èhù àlìkámà ní tútù ní London kò lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa.

Lójú tèmi, inú ẹ̀kọ ọmọdé ni èrè ọkà tó hù pọ̀ sí jù. Ẹ̀kọ tó ki ṣòro fún ọmọ láti gbé mì. Ìyá á bu omi lù ú, ikùn ọmọ á kún, oúnjẹ inú rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Ní Tanzania, àwọn olùṣèwádìí Mosha àti Svanberg fi hàn ní 1983 pé ìyẹ̀fun ọkà tó hù, bó tilẹ̀ kéré, ń mú kí ẹ̀kọ tó ki ṣàn láìfi omi kún un. Àmíléèsì ló ń ṣe é. Bí ẹ̀kọ bá ti kúrò lórí iná, tó sì ti tutù díẹ̀, ni kí a po ìyẹ̀fun náà mọ́ ọn. Tó bá ti ṣàn, kí a tún sè é kó hó.

Kí àwọn olùtọ́jú ìlera ní Òkè-Ògùn fi èyí kọ́ àwọn ìyá, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn láti da hóró tó bá bu nù, kí wọ́n sì gbo gbogbo èhù àti gbòǹgbò kúrò lára ọkà gbígbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.