Àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò ẹ̀kọ́

Àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ tí ó máa ń hàn ní ìsàlẹ̀ fídíò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bí olùkọ́ bá ti ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ nìkan ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. A tún máa ń kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti àwọn ìró tí ó ní ìtumọ̀, bíi ẹ̀rín, àtẹ́wọ́ tàbí ìró agogo. Ní èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù, èyí tí a ń ṣe fún ẹni tí ń gbọ́ ìró ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ.

Nítorí àwọn adití àti àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn dáadáa ni a ṣe dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn náà ń jàǹfààní rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè olùkọ́ kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀, ẹni tí ó wà níbi tí ariwo pọ̀ sí, àti ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú fídíò gígùn. Ní ọdún 2015, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá Morton Ann Gernsbacher ṣe àkójọ ìwádìí tí ó lé ní 100, ó sì fi hàn pé àkọlé ìsàlẹ̀ a máa ran àwọn tí etí wọn gbọ́ràn lọ́wọ́ láti lóye ohun tí wọ́n wò, kí wọ́n sì rántí rẹ̀.

Oríṣi

Oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní lẹ̀ mọ́ àwòrán fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ń wo fídíò náà ni yóò sì rí i. Èkejì wà nínú fáìlì ọ̀tọ̀, òǹwòran sì lè tàn án tàbí kí ó pa á. Oríṣi kejì yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lórí fídíò ẹ̀kọ́, nítorí pé a lè ṣe àtúnṣe rẹ̀ láì fọwọ́ kan fídíò náà, a sì lè fi ti èdè mìíràn kún un.

Ìtàn

Orí tẹlifíṣọ̀n ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ WGBH ní ìlú Boston fi àkọlé ìsàlẹ̀ sí ètò ìdáná *The French Chef* tí Julia Child ń darí. Gbogbo òǹwòran ni ó rí ti ìgbà náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1980 ni àkọlé tí a lè tàn tàbí pa bẹ̀rẹ̀ sí hàn déédéé lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 2001, MIT kéde pé òun yóò gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Coursera àti edX tẹ̀ lé e ní ọdún 2012, fídíò ẹ̀kọ́ sì di púpọ̀. Ṣáájú èyí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009, Google ti kéde ẹ̀rọ tí ń kọ àkọlé ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí YouTube. Ken Harrenstien, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ́ adití, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀rọ náà gbọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

Iṣẹ́ náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: kíkọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀, pípín in sí ègé kéékèèké pẹ̀lú àkókò tí ègé kọ̀ọ̀kan yóò hàn, àti yíyẹ gbogbo rẹ̀ wò pẹ̀lú fídíò. Irú fáìlì tí a sábà máa ń lò ni SRT àti WebVTT. Báyìí ni ègé kan nínú fáìlì WebVTT ṣe rí:

WEBVTT

00:00:04.000 --> 00:00:07.500
Ẹ káàbọ̀ sí ẹ̀kọ́ wa kejì.

Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì yìí pọn dandan. Bí kò bá sí níbẹ̀, aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ka fáìlì náà. Nínú SRT, a máa ń fi nọ́ńbà ṣáájú ègé kọ̀ọ̀kan, kọ́mà (,) ni a sì ń lò nínú àkókò dípò àmì ìdánudúró (.). Ọ̀nà ìkọ̀wé UTF-8 ni a gbọ́dọ̀ fi tọ́jú WebVTT. Òun náà ni ó ń jẹ́ kí lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ hàn bí ó ti yẹ.

Ọ̀pọ̀ ìlànà ni ó sọ pé kí ègé kan má ju ìlà méjì lọ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan má sì ju nǹkan bíi lẹ́tà 32 sí 42 lọ. A kì í gé ìlà sí àárín ọ̀rọ̀ tí ó so mọ́ra, bíi orúkọ ènìyàn àti orúkọ bàbá rẹ̀.

Àtúnṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ a máa ya ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí ẹ̀kọ́ gan-an wà: orúkọ ènìyàn, iye, àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, *fifteen* (15) àti *fifty* (50) jọra létí. Bákan náà ni *hypertension*, tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, àti *hypotension*, tí í ṣe kí agbára ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Bí *can't* bá di *can*, olùkọ́ ti sọ òdìkejì ohun tí ó ní lọ́kàn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ burú ju ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ lọ, nítorí pé gbólóhùn náà ṣì ń dún bí òótọ́. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn olùkọ́ lè fura; adití kò ní ohun mìíràn tí yóò fi wé e.

Nítorí náà, olùṣàtúnṣe a máa gbọ́ fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A máa fi àmì ìdánudúró sí ibi tí gbólóhùn parí, a sì máa fi ìwé ẹ̀kọ́ náà yẹ àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ wò.

Òfin àti ìpẹ̀jọ́

Ìlànà àgbáyé WCAG 2.0, tí àjọ W3C gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ka àkọlé ìsàlẹ̀ fún fídíò tí a ti ká sílẹ̀ mọ́ ohun tí ó pọn dandan ní ìpele àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1973 àti ti ọdún 1990 tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ni àwọn adití gbẹ́kẹ̀ lé. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ẹgbẹ́ National Association of the Deaf pe Harvard àti MIT lẹ́jọ́ pé ọ̀pọ̀ fídíò wọn kò ní àkọlé ìsàlẹ̀, tàbí pé èyí tí ó ní kò ṣeé gbára lé. Harvard fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 2019, MIT ní ọdún 2020. Àwọn méjèèjì gbà láti máa fi àkọlé ìsàlẹ̀ tí ó péye sí fídíò wọn.

Ọ̀rọ̀ Yunifásítì California ní Berkeley gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ méjì láti Yunifásítì Gallaudet, Ẹ̀ka Ètò Ìdájọ́ Amẹ́ríkà kọ̀wé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016 pé àwọn adití kò lè lo ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Berkeley. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ fídíò àti ohùn tí ó lé ní 20,000 kúrò lójú gbogbo ayé. Àwọn kan sọ pé a ti fi ẹ̀kọ́ du gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹ̀kọ́ náà kò fìgbà kan jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àti yunifásítì náà fẹnu kò lórí àdéhùn pé kí Berkeley mú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ipò tí àwọn aláàbọ̀ ara yóò fi lè lò ó.

Ní èdè Yorùbá

Àmì ohùn ni ó ṣe kókó jù nínú àkọlé ìsàlẹ̀ ní èdè Yorùbá. Bí a bá kọ *igba* láì fi àmì sí i, ó lè jẹ́ *igba* (200), *igbá* tí a fi ń bu omi, *ìgbà* tí í ṣe àkókò, *ìgbá* tí a fi ń se ọbẹ̀, tàbí *igbà* tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn olùkọ́ yóò mọ èyí tí ó ń sọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan ni ó wà níwájú adití. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ láì fi àmì ohùn sí, nítorí náà ọwọ́ olùṣàtúnṣe tí ó mọ èdè náà kọ dáadáa ni iṣẹ́ yìí wà.