Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ nínú èdè Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn

Ọpẹ́ ni ọ̀rọ̀ orúkọ tí àwọn Yorùbá ń lò fún fífi ìmoore hàn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà sọ ọ́. Nínú *mo dúpẹ́*, ẹni tó gba oore ni gbólóhùn náà dá lé. Nínú *o ṣé* tàbí *o ṣeun*, ẹni tó ṣe é ni a ń yìn.

Ní Èkìtì

Ẹ̀ka-èdè Èkìtì, tí a ń gbọ́ ní Òkè-Ìlá àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Adó-Èkìtì, wà nínú ọ̀wọ́ àárín gbùngbùn pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Fáwẹ̀lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ni ó ní, nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò ní méje. *Ulé* ni Èkìtì ń pe *ilé*. Ní Ọ̀yọ́, *ẹ ṣé* ni a ń sọ fún àgbà, *o ṣé* fún ẹgbẹ́ ẹni. Ìlò ọ̀pọ̀ fún ọ̀wọ̀ yìí kò fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì láyé àtijọ́. Nítorí náà, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹyọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà níbẹ̀ lè má rí àgbà fín rárá.

Ìbátan àti àyálò

Ìtsẹkírì àti Ígálà ni èdè tó sún mọ́ Yorùbá jù lọ. *Ọmọ* ni Yorùbá ń sọ, *ọma* ni Ígálà. Ọdún 1978 ni Akinkugbe ṣe àfiwé ìró àwọn èdè mẹ́ta yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀dó ń sọ *u ru ese*, ìyẹn ni pé o ṣe oore; Ígbò ń sọ *imela*, ìyẹn ni pé o ti ṣe é. Ìrònú wọn bá ti *o ṣeun* mu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Èdè Gùn ń lo *dopẹ*, ó sì jọ *dúpẹ́* gidigidi. Àmọ́ àwọn Gùn àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tipẹ́. Ìjọra bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àyálò. Ní Kúbà, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ṣì ń sọ *modupué*, èyí tí àwọn ẹrú Yorùbá gbé débẹ̀.

Ní Yúróòpù

*Thank* ti Gẹ̀ẹ́sì àti *danke* ti Jámánì jẹ́ ọmọ ìyá, ìrònú sì ni gbòǹgbò wọn. *Gracias* ti Sípéènì àti *grazie* ti Ítálì ti inú Látìnì wá. *Obrigado* ti Potogí ń sọ pé oore ti di ẹni náà mọ́lẹ̀ bíi gbèsè.