Ó Dìgbóṣe, Pápá Ẹṣin Èkó

Pápá kan tí kò sí mọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Èkó ni ó wà, ṣùgbọ́n kí ọmọ Ọ̀yọ́ má ṣe wí pé kò kan òun. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, ta ni ó sì mọ iyì ẹṣin ju Ọ̀yọ́ lọ? Ẹṣin ni agbára ogun Aláàfin láyé àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú.

Ní 1859 ni Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ilẹ̀ kan ní Oníkàn fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì kí Èkó tó bọ́ sábẹ́ wọn. Ilẹ̀ náà di pápá ìje ẹṣin, èyí tí wọ́n ń pè ní Rẹ́ẹ̀sì Kọ́ọ̀sì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn tí ń ṣe eré kíríkẹ́ẹ̀tì náà rí ààyè níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ pápá náà di mánigbàgbé kì í ṣe eré. Ní òru 30 Sẹ́tẹ́ḿbà 1960, ibẹ̀ ni a ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí a sì fa àsíá tiwa sókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọmọbabìnrin Alexandra, tí ó ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth, fi ìwé òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon tú pápá náà ká. Ní 1972, wọ́n kọ́ gbàgede ayẹyẹ síbẹ̀, èyí tí a ń fi orúkọ Balewa pè títí di òní. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, bí ẹṣin ti wà lára àmì orílẹ̀-èdè wa. Ọmọdé tí ó bá ń wò wọ́n kò lè mọ̀, bí a kò bá sọ fún un, pé ẹṣin ẹlẹ́mìí ti sáré níbẹ̀ rí.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí a dárò? Ìlú tí ń dàgbà kò lè ṣe kó má yí padà. Ẹ rántí Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà tí ìlú náà tú, Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, Àgọ́ sì di Ọ̀yọ́. Àwọn baba wa fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé orúkọ dání. Ní Èkó, ilẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ni ó lọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì ṣì ń tọ́ka sí ìtàn. Bí méjèèjì bá sọnù, kí ni ọmọ wa yóò fi mọ̀nà?

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, láti inú Ọ̀yọ́ títí dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè: kí ni ó wà lórí ilẹ̀ yìí kí a tó kọ́lé sí i? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dàbọ̀ o.