Ilé Ni À Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Macaulay, Ẹpẹ àti Ìwádìí Orírun

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn Yorùbá tí wọ́n ti tà sí oko ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó wọn gúnlẹ̀ sí Sàró, kò sí ẹni tí ó wo ilé kankan. Orúkọ ajíyìnrere, ti gómìnà tàbí ti olóore kan ní ìlú òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà nígbà ìrìbọmi. Nígbà tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà sí Èkó, orúkọ náà bá wọn padà. Ìdí nìyí tí ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé fi lè máa jẹ́ Macaulay, orúkọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, láìní ìbátan kankan níbẹ̀.

Herbert Macaulay, tí a bí ní Èkó ní 1864, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Baba rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ní Kissy, ní Sàró, ni wọ́n ti bí àlùfáà náà. Òjó Oríare, ará agbègbè Ìkirun, ni baba rẹ̀. Kílàńgbé, ọmọ Ọ̀yọ́, ni ìyá rẹ̀. Abigail, ìyá Herbert, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Orúkọ tọ́ka sí Skọ́tílándì. Ẹ̀jẹ̀ tọ́ka sí Ìkirun, Ọ̀yọ́ àti Òṣogùn.

Macaulay kan wà tí ó jẹ́ ará Skọ́tílándì ní tòótọ́. Zachary Macaulay ni, gómìnà Sàró láti 1794 dé 1799, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún bá òwò ẹrú jà. Ọmọ rẹ̀, gbajúgbajà òpìtàn, ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay, orúkọ kan náà tí ọmọ Òjó Oríare jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orírun Zachary láti inú ìwé, ẹ̀yìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ikú ṣáájú, ìgbéyàwó tẹ̀ lé e, ìbí sì kẹ́yìn.

Lọ́ńdọ̀nù ni Zachary kú sí, ní oṣù Karùn-ún 1838. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ òkú, ọmọ tuntun àti ìgbéyàwó sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ètò náà kò tíì pé ọdún kan. Ìwé ikú ìgbà náà a máa sọ ọjọ́ ikú, ibi tí a kú sí, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ohun tí ó fa ikú, àti ẹni tí ó mú ìròyìn náà wá. Kì í dárúkọ baba òkú, kì í dárúkọ ìyá rẹ̀, kì í sì í sọ ìlú tí a ti bí i. Ọjọ́ orí pàápàá, ohun tí ẹlòmíràn sọ ni. Òkú kò sí níbẹ̀ láti tún un ṣe.

Ìgbéyàwó ni ó kàn. Ní 1799 ni Zachary fẹ́ Selina Mills ní Bristol. Láti 1837 ni ìwé ìgbéyàwó Gẹ̀ẹ́sì ti ń dárúkọ baba ọkọ àti baba ìyàwó pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Ti ìyá kò sí nínú rẹ̀ títí di 2021. Ṣùgbọ́n 1799 ti ṣáájú òfin náà. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó wà, orúkọ tọkọtaya, ìjọ wọn àti ti ẹlẹ́rìí ni ó sì ń gbé jáde, láìsí ti òbí.

Ìgbà tí olùwádìí bá kọjá sí ìwé ìrìbọmi ìjọ ní Skọ́tílándì ni yóò tó lè retí orúkọ òbí. Inveraray ni a bí Zachary sí ní 1768. John Macaulay, àlùfáà ìlú náà, ni baba rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó ti mọ Inveraray tẹ́lẹ̀, ìwé Lọ́ńdọ̀nù àti ti Bristol kò ní mú ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Ẹ̀rí tí ó wà láàárín ìwé àti ìwé, ẹnu ìdílé ni ó ń wà.

Ní Ẹpẹ, ẹ̀rí ẹnu náà ni ìpìlẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Ẹpẹ. Ibẹ̀ ni ó ti bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án 1854. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Títí di òní, Ìjẹ̀bú Ẹpẹ wà, Èkó Ẹpẹ sì wà, olúkúlùkù sì mọ ibi tí òun ti wá. Ọ̀ṣọ́dì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, gbé orírun rẹ̀ sínú orúkọ: ọmọ Tápà ni. Àdúgbò tí òun àti àwọn tí ó bá a padà tẹ̀dó sí ní Èkó ń jẹ́ Ẹpẹtẹ̀dó. Ìkòròdú náà kò yàtọ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ so ìlú náà mọ́ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ àti Bìní, àwọn ìdílé tí ń joyè sì ń rántí ẹ̀ka tí wọ́n ti wá.

Irú ìmọ̀ yìí kì í ṣe fún ìgbéraga lásán. Ní 1930, ẹjọ́ ilẹ̀ Ẹpẹtẹ̀dó dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ẹ̀tọ́ olórí ẹbí Ọ̀ṣọ́dì àti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ àwọn tí Ọ̀ṣọ́dì kó tẹ̀dó. Ẹni tí kò mọ baba ńlá rẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ń ṣìnà, ẹnu náà a sì máa gbàgbé. Ọ̀nà tí ó yè ni kí a fi ọ̀kan yẹ èkejì wò: oríkì pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi, ìtàn àgbà pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ sára ibojì, orúkọ ìdílé pẹ̀lú bí a ṣe rí i gbà. Ìwé Zachary ṣì lè wà níbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó mọ oríkì ilé ní Ẹpẹ tàbí Ìkòròdú, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò ní ẹ̀dà kankan níbikíbi.