Èèkù Idà Ọdún 1979

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ra epo rí ní ilé epo tí a kọ African Petroleum sí lára. Ìtàn orúkọ náà ni a mú wá lónìí, nítorí ìjà àwọn orílẹ̀-èdè ni ó bí i, kì í ṣe ọgbọ́n òwò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, ilẹ̀ Ìránì dàrú. Ọba wọn, Shah, fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù kìíní. Ayatollah Khomeini wọlé dé ní oṣù kejì. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, epo Ìránì sì wọ́n bí ojú. Àgbá epo rọ̀bì kan, tí ó jẹ́ bíi dọ́là 13 ní 1978, ti kọjá dọ́là 30 kí ọdún 1980 tó parí. Epo kò tán láyé o. Ẹ̀rù ni ó ba àwọn olùrà, tí oníkálukú ń ra èyí tí yóò tọ́jú pa mọ́, ìyẹn ni ó sì sọ ọ̀wọ́n di ọ̀wọ́n gógó.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀ràn náà dùn jù. Ọ̀dọ̀ Shah ni wọ́n ti ń ra bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá epo rọ̀bì wọn. Khomeini ti ilẹ̀kùn náà pa. Wọ́n ń ṣe epo láti inú èédú, ṣùgbọ́n kò tó wọn, ni wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò tà fún wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

Ní Ìlú Ọba, BP gba àṣẹ ìjọba láti ṣe pàṣípààrọ̀ epo, kí epo lè dé Gúúsù Áfíríkà. BP kan náà ni ó ní ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Shell-BP tí ń wa epo ní Nàìjíríà. Epo kò kúkú kọlà sójú. Bí BP bá fi epo Nàìjíríà tẹ́ oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ lọ́rùn, tí ó sì fi tiwọn ránṣẹ́ sí Pretoria, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Ìyáàfin Thatcher, tí ó gorí àga ní oṣù karùn-ún, tún ń fi hàn pé òun lè tẹ́wọ́ gba ìjọba Muzorewa ní Rodéṣíà (bíṣọ́ọ̀bù Mẹ́tọ́díìsì ni), ìjọba tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ṣì di okùn rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé ìpín BP. Ẹ kíyè sí ọjọ́ náà: ọ̀la rẹ̀ ni ìpàdé àwọn olórí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka. NNPC wá ní ìpín 80, Shell 20. Apá tí ń ta epo fún ọlọ́kọ̀ di African Petroleum. Ká ní ọdún tí epo pọ̀ ni, wọn ì bá fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ta ni yóò kọ epo Nàìjíríà? Èèkù idà wà lọ́wọ́ wa.

Láti Lusaka ni ọ̀rọ̀ ti dé Lancaster House ní London, Zimbabwe sì gba òmìnira ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1980. A kò ní sọ pé epo ni ó ṣe é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó ni wọ́n ni iṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wa tí wọ́n yọ nínú owó oṣù wọn fún àwọn ará Gúúsù Áfíríkà náà ní ìpín tiwọn.

Idà náà kò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀wọ́n epo kọ́ àwọn olùrà láti dín lílò rẹ̀ kù, wọ́n sì ń wa epo lábẹ́ Òkun Àríwá àti ní Alaska. Ní 1982, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ti ń ní kí a fún ìgbànú mọ́ ìdí; ní 1986, owó epo já lulẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 1995, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́. Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì dá Nàìjíríà dúró. Nelson Mandela, tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Robben Island nígbà tí a gba ìpín BP, wá ń bẹ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá pé kí wọ́n má ṣe ra epo wa mọ́. Wọn kò gbà; wọ́n ń rà á lọ. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n Abacha lọ́jọ́ náà.