Òfin Ọtí àti Òmìnira Ẹnu ní Sabon Gari, Kano

Nínú iṣẹ́ yìí, a yẹ ìtàn òfin ọtí wò ní Sabon Gari. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano ní 1911, ìjọba amúnisìn ya àdúgbò yìí sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn ará Gúúsù, Yorùbá àti Ígbò. Ìjọba náà ti kọ́kọ́ fòfin de títa ọtí líle fún ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá. Nítorí náà, kì í ṣe Ṣàríà ọdún 2000 ló kọ́kọ́ mú irú òfin bẹ́ẹ̀ dé.

Kano gba Ṣàríà ní 2000. Òfin sì dá Hisbah sílẹ̀ ní 2003. Ní oṣù kọkànlá 2013, Hisbah fọ́ ìgò bíà bí 240,000. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń tà á ní Sabon Gari.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba àpapọ̀ gbà lórí ohun mímu aládùn: òfin ìnáwó 2021 fi owó orí ₦10 lé lítà kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè rà á.

Èrò wa ni pé kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bi òfin bẹ́ẹ̀ léèrè: ìlera ta ló ń dáàbò bò, ẹnu ta ló sì ń dí?